Iná Tuntun Nínú Ìdérí Àpótí Ẹja

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ káàárọ̀, mo sì tún kí ọ káalẹ́, nítorí n kò mọ èyí tó máa jẹ́ lọ́dọ̀ yín nígbà tí o bá ń ka ìwé yìí. Ṣé òtútù ibẹ̀ ti dín kù? Ṣé ò ń jókòó jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́, àbí orí ìrìn lo ṣì ti ń jẹ búrẹ́dì? Àlàáfíà ni a wà. Orúnkún mi máa ń pariwo díẹ̀ bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ara wa yé: òun ń pariwo, èmi ń rìn.

Má fi fóònù dá mi lóhùn o. Kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í dúró. Mo sì jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà kí n lè máa ka ohun tí ọmọ mi bá sọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tó bá wù mí. Olùkọ́ wa ní òwe ti pọ̀ jù nínú ìwé tí mò ń kọ, pé kí n máa sọ ojú abẹ níkòó. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ojú abẹ náà rèé: iná inú ìdérí àpótí ẹja tí o fi sílẹ̀ fún mi ń kú lọ. Ọ̀pá iná náà ti dúdú ní orí méjèèjì. Ó máa ń ṣẹ́jú kó tó tàn, bó bá sì tàn tán, kò ju ti àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ gbẹ lọ. Tọkọtaya ò bìkítà. Bí o ṣe mọ àwọn ẹja aláwọ̀ ọsàn méjèèjì yẹn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n mọ̀. Iyùn ààyè tó lẹ̀ mọ́ òkúta ni mò ń bẹ̀rù fún. Nígbà tí o lọ, ó máa ń na ìka rẹ̀ jáde láàárọ̀ bí ọmọ tó ń nara lórí ibùsùn, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú. Báyìí ó ti ká jọ, ó rí bí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan bọ́ jù sílẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé kì í ṣe òdòdó, pé ẹran omi ni, àti pé ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ebi ló ń pa á nìyẹn.

Fi iná tó lágbára ránṣẹ́ sí mi, irú tuntun tó ń tàn funfun àti búlúù. Mo wọn inú ìdérí náà, mo gé ríbọ́nì sí gígùn rẹ̀, ó wà nínú àpòòwé yìí. Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀. Mo fi gbogbo ayé mi ránṣọ fún ènìyàn, n kò gé aṣọ ẹnikẹ́ni kúrú rí.

Ìyá àgbà rẹ, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Ìyá àgbà mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má bínú pé èsì pẹ́. Wọ́n ti fi kún iṣẹ́ mi nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá wẹ̀ wọ́n, tí mo bọ́ wọn, tí mo gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó gba ìrọ̀rí ẹnì kejì, ojú mi kì í gbé ìwé mọ́. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka tiyín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò.

Ní ti iná yẹn, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Omi iyọ̀ nísàlẹ̀, mànàmáná lókè! Bí ìdérí bá bọ́ lọ́wọ́ yín ńkọ́? Bí ọwọ́ tútù yín bá kan wáyà ńkọ́? Níbi iṣẹ́ mi, mo ti rí ìyá tó ṣubú níbi tó ti ń nawọ́ mú ife omi.

Mo ti yanjú rẹ̀. Mo bá dókítà eyín sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ẹni tó ní àpótí ẹja ńlá nínú yàrá tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ti máa ń dúró. Ó ní tó bá di ìparí oṣù kẹrin, òun á wá kó o: ẹja, iyùn àti tábìlì. Ẹ ó wá sinmi. Àyè á sì gba àga yín lẹ́bàá fèrèsé.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é.

Ẹlẹ́rìn-ín yín


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Kíkí yìí kúrú, o sì mọ ìdí rẹ̀.

Mo ka ìwé rẹ, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún ìwé kà. Mo rò pé bóyá ìdọ̀tí ojú awò ló kọ "ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò níbẹ̀. Ṣé èmi lò ń bá wí, àbí ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ò ń wẹ̀? Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, kí Ọlọ́run fún wọn lókun, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbé èmi sórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń po iyọ̀ mọ́ omi láti ìgbà tí o ti wọ ọkọ̀ òfuurufú? Ta ló ń fi rọ́bà fa omi àtijọ́ jáde, tó ń ha ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé kúrò lára gíláàsì? Ó ga o! Ẹ jókòó, ẹ pín àpótí tó wà nínú yàrá mi fún dókítà eyín, ẹ ò bi mí.

Ó tiẹ̀ ti wá. Ó fi ọwọ́ wọn tábìlì láti igun dé igun, ó ní, "Màmá, èyí á bá ògiri mi mu gan-an."

Mo ní, "Dókítà, ó ti ń bá ògiri tèmi mu tipẹ́."

Ó rò pé àwàdà ni.

Gbọ́ àdéhùn mi. Fi iná náà ránṣẹ́. Oníná tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ òpópónà wa ni yóò so wáyà, n kò ní fọwọ́ kàn án títí yóò fi ṣe tán. Bí dókítà bá dé ní ìparí oṣù kẹrin, tí iyùn ò bá na ìka rẹ̀ jáde, kí ó máa gbé gbogbo rẹ̀ lọ, èmi fúnra mi ni n ó di ilẹ̀kùn mú fún un. Ṣùgbọ́n bí iyùn bá jáde, àpótí ò kúrò níbí, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yìí ò sì gbọdọ̀ sọ fún mi mọ́ pé kí n lọ sinmi.

Òwe tó wà lẹ́nu mi báyìí kò mọ níwọ̀n. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì nítorí olùkọ́.

Ìyá àgbà rẹ, tí kò tíì rẹ̀


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Ìyá àgbà mi,

Ẹ dákun, ẹ fi orí jì mí. Nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti béèrè bóyá ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀, mo lọ dúró lójú fèrèsé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo ti gbàgbé pé ọwọ́ yẹn kì í gbọ̀n.

Mo gba àdéhùn yín. Mo mú ríbọ́nì yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ẹja. Ọkùnrin ibẹ̀ nà án sórí káńtà, ó gbé ọ̀pá iná kan lé e lórí, wọ́n ṣe déédéé. Ó ní ta ló gé e. Mo ní ìyá mi àgbà ni. Ó ní kí n kí yín.

Ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí, ló gbé iná náà bọ̀. Gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Àárín iná àti omi ni kó wà, kí omi iyọ̀ má baà máa ta sára iná. Fáànù kékeré tó wà lára iná náà á máa fẹ́ ooru jáde lẹ́yìn ìdérí. Ẹ sọ fún oníná kó yọ wáyà iná kúrò lára ògiri kó tó ṣí ohunkóhun.

N kò sọ fún dókítà pé kó má wá mọ́ o. Ẹ̀yin lẹ dá àdéhùn. Ọjọ́ tó dá náà ló ṣì ń bọ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín yín, tó ń sá lọ síbi iṣẹ́


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin

Ọmọ ọmọ mi, ọmọ tó gbọ́ràn nígbẹ̀yìn,

A kú ìmọ́lẹ̀ o! Kí ilé rẹ náà mọ́lẹ̀, kí ọ̀nà rẹ mọ́lẹ̀, kí ojú ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ mọ́lẹ̀ sí ọ!

Ọ̀rẹ́ rẹ gbé iná dé láìfọ́. Mo ránṣẹ́ pe oníná. Ó wọlé, ó wo àpótí, ó wo iná, ó ní, "Ìyá, ṣé àwọn ẹja yìí fẹ́ máa kàwé ni?"

Mo ní, "Ó kéré tán, wọn ò ní pa kíláàsì jẹ bíi tìẹ." Èmi ni mo rán ṣòkòtò ilé ìwé fún un nígbà èwe rẹ̀, mo mọ ìgbà tí orúnkún rẹ̀ máa ń ya níbi tó ti ń fo fẹ́ǹsì.

Ó yọ wáyà lára ògiri bí o ṣe wí. A gbé ìdérí lé orí tábìlì ìránṣọ mi, a dojú rẹ̀ dé. Ẹlẹ́rìn-ín, iyọ̀ ti ṣe iṣẹ́ ibi níbẹ̀! Ibi tí orí ọ̀pá iná wọ̀ sí ti dógùn-ún, ó ń rún sílẹ̀ bí àkàrà òyìnbó. Oníná tú ọ̀pá, ó tú àpótí kékeré wúwo kan tó ń gbé iná fún un, ó ní, "Ẹrù òfo nìyí." Mo fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú ìdérí, mo nù ún gbẹ. Ó wá mú ìṣó onírin kékeré jáde láti fi de iná tuntun. Mo ní rárá, irin tún kọ́, kí iyọ̀ tún jẹ ẹ́? Mo ní kó lu ihò tóótòòtó fún mi. Mo mú òwú ọ̀rá tó nípọn, èyí tí mo fi ń gán bọ́tìnnì kóòtù, mo rán ọ̀pá iná mọ́ ìdérí ní orí, ní àárín, ní ìdí. Oníná fà á títí, kò mì. Ó ní, "Ìyá, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo ní kó so wáyà rẹ̀, òun ni mo pè é fún.

Nígbà tó so ó tán, ó jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè lọ síbi ògiri, kí omi tó bá gba ojú wáyà lè kán sílẹ̀. Ohun tó mọ́gbọ́n wá nìyẹn, mo yìn ín.

A wá tàn án. Yé! Gbogbo yàrá mi di òwúrọ̀. Omi náà ń tàn yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ lára àjà. Ọkọ sá wọ ẹ̀yìn òkúta, ìyàwó rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ jáde wá wo ẹni tó wọlé. Gbogbo kíláàsì wa ti wá wò ó, olùkọ́ pẹ̀lú. Bí mo bá ti jí ni mo ń tàn án, n kì í pa á títí n ó fi sùn. Ebi ti pa iyùn yẹn pẹ́. Ta ló ń wọn oúnjẹ fún ọmọ tí ebi pa? Kó jẹ, kó yó, kó tún jẹ.

Ìyá àgbà rẹ, tí ilé rẹ̀ ń tàn


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ìyá àgbà mi,

Ìwé yìí kò gùn, kíákíá ni mò ń kọ ọ́. Mo pè yín lórí fóònù títí, ẹ ò gbé e, mo mọ̀ pé nítorí lẹ́tà ni.

Mo gbàgbé ohun tó ṣe pàtàkì jù. Mo kọjá níwájú ọkùnrin tó ta iná lónìí, ó bi mí bóyá mo ti sọ fún yín, mo sì sáré padà wálé wá kọ̀wé. Iná yẹn lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Iyùn tó ti wà nínú òkùnkùn kò lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa tàn án, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi kún un. Bó bá pọ̀ jù, á pọ àwọ̀ ara rẹ̀ jáde, á funfun, ó sì lè kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án láti àárọ̀ di alẹ́.

Ẹlẹ́rìn-ín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀.

Ìwé rẹ dé lónìí. Iyùn ti funfun kí ó tó dé. Ó funfun bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ọṣẹ títí tó bọ́. Mo rò pé ó ń sanra ni! Mo ń pe ènìyàn wá wò ó, mo ń sọ pé, "Ẹ wò ó bó ṣe ń mọ́." Oúnjẹ ni mo fi fún un ní inú rírun, ìwọ náà mọ̀ mí, ẹnikẹ́ni kì í jáde nílé mi láìyó.

N kò sunkún. Mo pa iná, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo wò ó dáadáa. Ní ìdí rẹ̀, níbi tó ti lẹ̀ mọ́ òkúta, àwọ̀ ewé ṣì wà níbẹ̀ bíńtín. Kò tíì kú. Mo tàn án díẹ̀ bí o ṣe wí, ó súnkì bí ẹni tó jáde láti inú yàrá òkùnkùn sínú oòrùn ọ̀sán. Ìyẹn ni pé kì í ṣe àkókò nìkan, agbára iná náà pọ̀ fún un.

Mo wá ṣí àpótí àkísà mi. Ṣé o rántí nẹ́ẹ̀tì funfun tí mo fi ń rán ìbòrí àwọn ìyàwó? Mo gé e sí ìwọ̀n gíláàsì tó wà lábẹ́ iná, mo tò ó ní ìpele lórí ara wọn, mo fi òwú sísá kan dè é létí, èyí tó jẹ́ pé bí mo bá fà á, ìpele kan á bọ́. Mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, jìnnà sí ẹnu fáànù. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí iná ti tàn fún ìgbà díẹ̀, kò gbóná. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sínú omi wá rọ̀ bíi ti kùtùkùtù. Bí iyùn bá ṣe ń gbà á ni n ó máa yọ ìpele kọ̀ọ̀kan.

Má ṣe sọ nǹkan kan fún dókítà. Oṣù ò tíì parí.

Ìyá àgbà rẹ


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹrin

Ìyá àgbà mi,

Mo kí yín. Mo gba ìwé yín, n kò sì lè sùn dáadáa mọ́. Ẹ̀bi mi ni, èmi ló gbàgbé, kì í ṣe ẹ̀yin.

Mo ti sọ fún dókítà o. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má dúró de ìparí oṣù, kó wá lọ́jọ́ Sátidé yìí. Ó ní igun kan wà nínú àpótí ńlá tirẹ̀ tí iná ò dé, pé bóyá iyùn lè sinmi níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú. Ẹ bínú sí mi, mo gbà. Mo kàn rí yín lọ́kàn mi, tí ẹ jókòó síwájú ohun tó ń kú, tí ẹ ń wò ó, tí n kò sí níbẹ̀.

Ẹ má bá a jà. Ẹ jẹ́ kó gbé e lọ.

Ẹlẹ́rìn-ín


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ ọmọ mi,

Jókòó. Bí o bá wà nínú ọkọ̀ ojú irin, di ibi kan mú, kí o sì kìlọ̀ fún ẹni tó jókòó tì ọ́.

Dókítà eyín dé ṣáájú ìwé rẹ. Mo ń lọ aṣọ, mo gbọ́ kò-kò-kò. Òun rèé lẹ́nu ọ̀nà, bùkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀tún, bùkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òsì, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó wá kí ilé ọ̀fọ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo gbọ́ pé iyùn ti lọ."

"Lọ síbo?"

"Ọmọ ọmọ yín ló ní..."

"Ọmọ ọmọ mi wà ní òdìkejì òkun. Ìwọ wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọlé kí o fojú ara rẹ wò ó."

Mo gbé àga fún un síwájú àpótí. N kò tíì tan iná lọ́jọ́ náà. Nẹ́ẹ̀tì ti ku ìpele méjì. N kò ní purọ́ fún ọ, kò dá mi lójú. Láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti ń rò ó bóyá kí n yọ ọ̀kan tàbí kí n ní sùúrù. Mo tún wo ìdí iyùn. Àwọ̀ ewé ti gun òkè kọjá ààbọ̀, ó wà ní orí àwọn ìka kan bíi pé wọ́n kun èékánná. Mo yọ wáyà iná lára ògiri, mo ṣí ìdérí, mo fa òwú. Ìpele kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Mo dé ìdérí padà, mo tàn án.

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Dókítà wo aago rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, nínú àpótí tèmi..."

Mo ní, "Ṣé bí o ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí nígbà tí o bá ń yọ eyín ènìyàn?"

Ó fa ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo aago. Ìyàwó ẹja yí ká iyùn lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Ìka kan jáde. Mo rò pé omi ló mì í. Ìkejì jáde, ó nà, orí rẹ̀ là bí ìràwọ̀ kékeré. Lẹ́yìn náà, Ẹlẹ́rìn-ín, n kò lè kà wọ́n mọ́! Gbogbo wọn ń jáde, èyí ń ti ìyẹn, wọ́n nà síhìn-ín, wọ́n nà sọ́hùn-ún, àwọ̀ ewé ń dán lábẹ́ iná búlúù. Ọkọ ẹja wọ àárín wọn, ó fi ẹ̀gbẹ́ ra wọ́n bí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí tìmùtìmù. Ẹnu dókítà là sílẹ̀ bíi tàwọn tó máa ń jókòó sórí àga rẹ̀.

Ó wo bùkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Màmá, kí ni mo wá gbé?"

Mo ní, "Mo ń dúró kí o rántí."

Ọmọlúàbí ni o, n kò ní bú u. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún àwọn aláìsàn òun pé àpótí tuntun ń bọ̀. Mo ní kó sọ fún wọn pé kí àwọn náà máa bọ̀ wá wò ó, kí wọ́n ṣáà ti nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó dìde, mo rí bùkẹ́ẹ̀tì méjèèjì pé wọ́n ṣófo, ó sì ṣe mí láàánú kí wọ́n wá lásán. Mo ti po omi iyọ̀ tuntun sí ilé ìdáná. Dókítà ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó bá mi ru omi, ó tún bá mi fa ti àtijọ́ dànù. Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ bá a níbẹ̀, ó ní, "Dókítà, ṣé ẹ ti yí iṣẹ́ padà ni?"

Mo ti dárí jì ọ́ fún ìwé tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Mo kà á nígbà tí inú mi ń dùn, mo sì rí i pé ẹ̀rù ló kọ ọ́, kì í ṣe àfojúdi. Lọ sùn. Ara rẹ nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a ṣe é kó yé ara wa. Nígbà tí o ń lọ, o ní kí n bá ọ tọ́jú àpótí yìí. Mo ti tọ́jú rẹ̀. O fẹ́ fi ta dókítà lọ́rẹ, mo jà fún un, mo sì borí. Láti òní lọ, kì í ṣe tìrẹ mọ́, tèmi ni. Bí o bá dé, kan ilẹ̀kùn, kúnlẹ̀ kí mi, jẹun yó. Lẹ́yìn náà, fọ ọwọ́ rẹ, kí o sì tọrọ àyè kí o tó ti ìka bọ inú omi mi.

Èmi ni,
Ẹni tó ni àpótí